Ẹja Àkọ́kọ́ ní Etí Ìféèfé

Ní ọdún yẹn, kò sí ẹni tó gbé àgbá lọ sórí yìnyín.

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń gbé e. Bí ọ̀gìnnìtìn bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀run, Vihtori tó dàgbà jù nínú àwa apẹja á yí àgbá ọ̀dà tó ti ṣófo lọ sí àárín adágún, wọ́n á fi í síbẹ̀, olúkúlùkù á sì sọ ọjọ́ tó rò pé yìnyín máa já tí àgbá náà á rì. Kọfí la fi ń ta tẹ́tẹ́ náà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò kó kọfí gbogbo wa lọ sílé. Ní ọdún tó ṣáájú, Tapani ọmọ mi ló jẹ ẹ́. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé ló ń yọ Vihtori lẹ́nu pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé wa, kí wọ́n wá mu kọfí ara wọn.

Mo wo orí adágún láti ojú fèrèsé. Funfun lásán ni. Mo mọ̀ pé nítorí tiwa ni. Mi ò dúpẹ́, mi ò sì bínú.

Tapani nìkan la bí. Ó lọ ká àwọ̀n tó kẹ́yìn lọ́dún náà, nígbà tí omi ti ń dì ní bèbè. Afẹ́fẹ́ dìde lọ́sàn-án. Ọkọ̀ la rí, ó dojú dé ní Etí Ìféèfé, níbi tí koríko etí omi ti hù dí, ààbọ̀ àwọ̀n ṣì rọ̀ mọ́ ọn. A wá a títí yìnyín fi bo omi, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lórí yìnyín kọjá nítòsí ibẹ̀. Gbogbo ọ̀gìnnìtìn ni mo fi ń gba ọ̀nà igbó, bó tilẹ̀ jìn, kí n má bàa tẹ orí ọmọ mi mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni Hilja ìyàwó mi ti ń pè mí ní Bàbá, èmi náà ń pè é ní Ìyá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn a ò mọ ohun tí à bá máa pe ara wa. Ó ń pè mí ní Aulis bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Èmi kì í pè é rárá. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ wúkọ́.

Òfin kan wà létí omi wa, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó fi í lélẹ̀. Omi tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da àwọ̀n sí i títí wọn ó fi gbé ẹni náà jáde. Bí wọ́n bá wá a títí tí wọn ò rí i, àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló lè ṣí omi náà. Wọ́n á da àwọ̀n àkọ́kọ́ fúnra wọn, wọ́n á se ẹja tó bá bá a jáde létí omi, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn. Wọ́n ti fi ẹni wọn sílẹ̀ fún omi. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ìwọ̀ wá a mọ́, kò sì ní ní ibojì. Wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sára pákó kan ní ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ á máa lọ wò.

Mo ti pinnu pé wọn ò ní fín orúkọ Tapani sára pákó. Inú ilẹ̀ ni màá tẹ́ ẹ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìpinnu kan ṣoṣo tí mo mú la ọ̀gìnnìtìn já nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í ro láti etí òrùlé, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde lọ tún ọkọ̀ ṣe. Mo kó ẹ̀ka igi tí mo fi bò ó kúrò. Ó dojú dé lórí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bí a ṣe fi í sílẹ̀. Mo fi irin ha ọ̀dà àtijọ́ tó ti ṣí, mo fi òòlù kékeré kan orí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Ìṣó tó di pákó mú a máa dún ketekete, èyí tó ti tú a máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú aṣọ. Mo pààrọ̀ èyí tó tú. Nígbà tí ọjọ́ kan wá tí oòrùn mú tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, mo dáná sábẹ́ ìkòkò ọ̀dà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní gbígbóná.

Òórùn ọ̀dà ló pe Vihtori jáde. Wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá, wọ́n jókòó sórí kùkùté igi, wọ́n ń wò mí.

“Aulis, o ń ro ọ̀dà lé ọkọ̀ yìí bí ẹni tí kò ní ìyàwó tó máa bá a wí ṣe ń ro bọ́tà lé búrẹ́dì.”

“Ọkọ̀ tó gbẹ ló ń mu ún.”

“Èmi náà gbẹ. Mi ò rí ẹni tó ro nǹkan kan lé mi.”

Mi ò rẹ́rìn-ín, àwọn náà ò retí rẹ̀. Ojú wọn ti lọ sára ìwọ̀ tí mo gbé ti ògiri ilé ọkọ̀. Ìwọ̀ mẹ́ta ni, mo dè wọ́n mọ́ irin kan, okùn gígùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà òtútù ni mo rọ ọ́.

“Ìyẹn nìkan lo máa gbé wọ ọkọ̀?”

“Ìyẹn nìkan ni.”

“Kò sí àwọ̀n?”

“Ṣé ẹ rí àwọ̀n lọ́wọ́ mi ni?”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Èmi ò lè pa ẹja mọ́, ìbéèrè nìkan ló kù tí mo lè pa.” Wọ́n fi ọ̀pá wọn gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀. “Bí o bá rí i, ó dáa. Àmọ́ omi yìí kì í dá gbogbo ohun tó bá gbé padà, Aulis. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo jẹ ẹja tiẹ̀. Mo kéré nígbà náà, wọ́n ní kí n má tu egungun sílẹ̀, kí omi má bàa sọ pé mò ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣahun sí òun.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kun ọkọ̀ mi. Ọ̀dà ń tutù.”

“Kùn ún, kùn ún,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde.

Kò pẹ́ tí gbogbo etí omi fi ń rùn fún ọ̀dà. Kauko, tí ilé rẹ̀ súnmọ́ tiwa, dojú ọkọ̀ tirẹ̀ bolẹ̀, ó ń fi òwú tí a rì sínú ọ̀dà dí àárín pákó. Àwọn yòókù náà jáde. Ọdún mìíràn, ìgbà tí à ń rẹ́rìn-ín jù nìyẹn. Lẹ́yìn tí èèyàn ti jókòó sínú ilé títí tí ara rẹ̀ fi ń rùn fún èéfín, tó wá gbé òòlù lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo èébú tó ti fi pa mọ́ láti ìgbà òtútù ló máa bú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí wọ́n fi rí ẹ̀yìn mi.

Ohun mìíràn tún wà. Òtútù òjijì ti pa ọkà wa lóko nígbà tó kù díẹ̀ ká kórè. Ohun tó wà nínú àká ìlú kò tó nǹkan. Gbogbo èèyàn ń retí hauki. Ẹja náà gùn, ẹnu rẹ̀ rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, eyín kún inú rẹ̀. Bí yìnyín bá ti já ló máa ń wọ inú omi tí kò jìn láti yé, àárín ìféèfé ló sì fẹ́ràn jù. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á padà sínú ibú, ó di ọdún mìíràn. Etí Ìféèfé nìkan sì ni irú omi bẹ́ẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa nínú adágún náà. Mo mọ gbogbo èyí. Mo kàn tì í sí ẹ̀yìn orí mi, bí èèyàn ṣe ń ti ìlẹ̀kùn yàrá tí kò fẹ́ wọ̀.

Hilja kò jáde wá sí etí omi. Ìdí fèrèsé ló jókòó sí, níbi tó jókòó sí láti ìgbà òtútù, ó so àwọ̀n kọ́ ìkọ́ ara ògiri, ó ń fi abẹ́rẹ́ onígi dí ihò rẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe ni. Mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì wo àwọ̀n náà.

Yìnyín já ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni ń ya aṣọ nípọn, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí òdìkejì, omi dúdú sì jáde. Mo ti ri ọkọ̀ mi ní etí bèbè tẹ́lẹ̀ kí pákó rẹ̀ lè mu omi kó wú, kó má bàa jò. Mo gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, mo gbé ìwọ̀ wọ inú rẹ̀, mo sì tukọ̀ lọ sí Etí Ìféèfé ní èmi nìkan.

Iṣẹ́ náà kò le. Wàá ju ìwọ̀ sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, wàá máa tukọ̀ lọ jẹ́jẹ́, okùn á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bó bá kọ́ nǹkan, wàá mọ̀ ní ẹsẹ̀. Àyà rẹ á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà wàá fà á. Igi ni. Wàá tún jù ú sílẹ̀. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ mi ò fi lè di àjẹ̀ mú mọ́, mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí ẹni ń kọ ebè. Ní gbogbo àkókò náà mo ń gbọ́ hauki. Wọ́n ti dé. Wọ́n ń fi ìrù na omi láàrin ìféèfé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ẹ̀yìn wọn ń yọ síta. Mi ò rí ọdún tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ọkọ̀ yòókù wà ní bèbè, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Àwọ̀n wà lórí òpó. Bí mo bá ń tukọ̀ bọ̀ lálẹ́, àwọn èèyàn á ti jókòó sí etí ọkọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan. Wọ́n á wo inú ọkọ̀ mi, wọ́n á rí i pé ó ṣófo, wọ́n á sì wo ibòmíràn.

Kauko ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ń so ọkọ̀ mọ́ òpó, ó dúró lẹ́yìn mi, ìyàwó rẹ̀ Lempi ń ká aṣọ ní ọ̀ọ́kán.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ wọn?”

“Mo gbọ́.”

“Wọ́n pọ̀.”

“Wọ́n pọ̀.”

“Àlejò ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n.” Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. “Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní àwọn ọmọ tó wà nílé ò mọ̀ pé à ń dúró de nǹkan. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á ní, títí dìgbà wo, Bàbá?”

Ó rẹ̀ mí, ọwọ́ mi ti bó. Mo yíjú sí i.

“Ta ló so ọ́ lọ́wọ́? Àwọ̀n rẹ ṣáà ti gbẹ. Lọ dà á sí i. Bí o bá la inú ẹja rẹ, kí o má ṣáà bi í ní ohun tó jẹ ní ìgbà òtútù.”

Ó fà sẹ́yìn. Lempi ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá Tapani! Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn? Fún Kauko? Kauko tó kọ́ Tapani ní odò wíwẹ̀?”

Òótọ́ ni. Kauko ló kọ́ Tapani bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ní ìwájú ilé yẹn gan-an, nígbà tí Tapani ò tíì ga ju àjẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó la ẹnu. Bóyá ìdí tí mo fi là á nìyẹn.

Kauko yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dé Etí Ìféèfé, mo gbọ́ ìró àjẹ̀ lẹ́yìn mi. Kauko ni, Vihtori jókòó síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ìborùn ìyàwó wọn wà lọ́rùn wọn nítorí òtútù. Àwọn ọkọ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn, gbogbo rẹ̀ tó wà létí omi wa. Kò sí àwọ̀n nínú ọ̀kankan. Ìwọ̀ ni wọ́n gbé, irúfẹ́ èyí tí olúkúlùkù lè wá: ìwọ̀ ìkọ́ ẹran, ìdákọ̀ró, irin ìdáná tí ẹnì kan ti tẹ̀ lórí.

“Kí lẹ wá ṣe?” ni mo bi Vihtori.

“Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ mo mọ ibi tí omi yìí máa ń kó nǹkan lọ. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o dí wa lọ́nà.”

Kauko ò wo ojú mi. Ó ju ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún mi, ó sì ń tukọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. A tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láti ìféèfé títí dé ibú, a yí padà, a tún tò bọ̀. Hauki ń bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa. Ọ̀kan bẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ta omi sójú Vihtori. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn náà na ọwọ́, bí ẹni tí kò mọ̀, ó sì fà á padà.

“Àbí ẹ ò rí i,” ni Vihtori wí, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú, “ẹja ń tu itọ́ sí mi lójú. Ó mọ̀ pé mi ò lè ṣe é ní nǹkan kan.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n wá rántí ibi tí a wà.

A ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e àti òmíràn. A fa igi jáde, a fa òkúta, a fa àwọ̀n àtijọ́ tó ti jẹrà. Kauko fa àjẹ̀ kan. Àmì Tapani wà lára rẹ̀, èyí tó fi irin gbígbóná fà fúnra rẹ̀. Kauko gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, ó wá nà án sí mi láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbà á. Mo ní kí a tún ibẹ̀ fà dáadáa. A fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí nǹkan mìíràn.

Mo gbé àjẹ̀ náà wọlé. Hilja fi ọwọ́ pa àmì náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ibi tó máa ń wà. Ó gbé oúnjẹ fún mi. Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú mi.

“Aulis.”

“Hẹ̀n.”

“Ìró hauki ti ń dín kù. Mò ń gbọ́ ọ láti ìdí fèrèsé.”

Mo ń bá oúnjẹ mi lọ.

“Àwọ̀n ti ṣetán.”

“Àwọ̀n wo?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó dìde, ó yọ àwọ̀n kúrò lára ìkọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti fi àwọ̀n jẹun láti kékeré. Mo fi ọwọ́ bọ ojú rẹ̀, gbogbo ìka mi wọlé papọ̀. Àwọ̀n tí Tapani lọ ká lọ́jọ́ náà, èyí tí mo rò pé ó ń dí, ojú wẹ́wẹ́ ni, ti ẹja kéékèèké. Èyí jẹ́ ojú ńlá. Àwọ̀n hauki ni. Gbogbo ọ̀gìnnìtìn ló wà níwájú mi, mo sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí yìnyín ti bo omi.”

“O jẹ́ kí n rọ ìwọ̀. O jẹ́ kí n kun ọkọ̀.”

“Mo fẹ́ kí o rí i. Bí o bá rí i, màá sọ àwọ̀n yìí sínú iná. Bí o kò bá rí i, kó má jẹ́ pé ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dí ihò.”

“Bí a bá jẹ ẹ́, a ti fi í sílẹ̀ nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Pákó lásán ló máa kù.”

“Mo mọ̀, Aulis. Èmi ni mo bí i. Kò sí ohun tí o fẹ́ sọ tí mi ò tíì sọ fún ògiri yìí.” Ó tọ́ka sí búrẹ́dì tó wà níwájú mi. Lempi ló gbé e wá lọ́jọ́ tó ṣáájú. “Kí ló wà lẹ́nu rẹ yẹn?”

“Búrẹ́dì.”

“Tọ́ ọ wò.”

Mo rọra jẹ ẹ́. Ó korò, ó sì ń ha ọ̀fun. Èèpo igi ni wọ́n lọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun náà. Ìyá mi sọ fún mi nípa irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀, pé ó máa ń mú inú ọmọdé wú. Mo ti jẹ ààbọ̀ rẹ̀ láti àná, mi ò mọ̀.

“Ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn,” ni Hilja wí. “Òun náà ni wọ́n bù fún wa. Wọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ hauki wọn wá ọmọ wa. Ó tó. Bí Tapani bá wà láàyè, tó sì jẹ́ ọmọ Kauko ló wà níbẹ̀, kí lo máa ní kó ṣe?”

Mo jáde lọ sílé ọkọ̀. Mo jókòó ti ìwọ̀ náà. Mo rò pé màá sunkún, kò wá. Mo kàn ń gbọ́ omi. Nígbà tí mo wọlé, Hilja ṣì wà níbi tí mo fi í sí, àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀.

“Ta ló máa tukọ̀?” ni mo bi í.

“Èmi.”

Kò tíì wọ ọkọ̀ láti ìgbà tó ti lóyún Tapani. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó so aṣọ mọ́rí, ó jókòó, ó di àjẹ̀ mú bí ẹni tó fi í sílẹ̀ lánàá. Àjẹ̀ kan jẹ́ tèmi, èkejì ni èyí tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àwọn èèyàn rí wa láti bèbè. Wọ́n rí àwọ̀n. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà wọn, wọn ò sì dé e padà títí a fi dé ìféèfé. Mo ń da àwọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, òkúta rẹ̀ ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn igi tó ń gbé e léfòó ń tò lórí omi. Hilja ń tukọ̀ lọ tààrà, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ló ń gbà tàbí ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ ká a. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tó dé àárín, ó wúwo, kò sì wá. Mo fà á, ó kọ̀. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tó tóbi, kò jà, kò mì. Mo gbójú sókè. Hilja ti gbé àjẹ̀ kúrò nínú omi, omi ń ro lára wọn. Àwa méjèèjì mọ ohun tí a ń rò. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun, gbogbo rẹ̀ ti yí padà nìyẹn: kò sí jíjẹ, kò sí pákó. Mo ń fẹ́ ẹ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, torí ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, mo sì mọ ohun tí omi máa ń ṣe.

“Fà á,” ló wí.

Mo fà á. Gbòǹgbò igi ńlá kan ni, àwọ̀n lọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn gbòǹgbò náà hauki kan ti kọ́ sínú àwọ̀n, abo, inú rẹ̀ wú fún ẹyin, ó gùn tó apá mi. Ó la ẹnu rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò wá. Hilja mí sínú, ó wá mí síta.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni,” ló wí, ó sì ti àjẹ̀ bọ omi.

Wọ́n ti dáná dè wá ní bèbè. Lempi gbé ìkòkò wá, Kauko pọn omi sínú rẹ̀. Hilja la inú ẹja náà fúnra rẹ̀. Mo rí i tó la ìfun, tó yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, tó sì fọwọ́ dà á nù. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó rọra kó ẹyin rẹ̀ sínú àwo lọ́tọ̀. Ó fi iyọ̀ sí ìkòkò. Gbogbo èèyàn dúró yí wa ká, àwọn ọmọdé wà níwájú, ojú wọn wà lára ìkòkò, àwọn ìyá wọn dì wọ́n léjìká mú.

A jókòó sórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé. Ó bu tèmi, ó bu tirẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo omi. Èmi náà jẹ.

Ó dùn. Mo ti rò pé kò ní ní adùn kankan, tàbí pé yóò korò bíi búrẹ́dì yẹn. Ẹran rẹ̀ le dáadáa, ó sì dùn bí hauki ìgbà ìrúwé ti máa ń dùn. Ebi ń pa mí láti ìgbà pípẹ́, mi ò mọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún bu òmíràn. Títí di òní, nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Mo ṣọ́ra kí n má tu egungun sílẹ̀.

Nígbà tí àwo ti ṣófo, Vihtori ṣí fìlà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Tapani ọmọ Aulis, lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì dé fìlà padà. Kò sẹ́ni tó kígbe. Kauko wá sọ́dọ̀ mi. Ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀.

“Lọ,” ni mo wí. “Ẹja ò ní pẹ́ níbẹ̀ mọ́.”

Ó fọwọ́ tẹ èjìká mi, ó sì lọ ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi. Àwọn yòókù náà ti tiwọn. Ìró ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lórí òkúta gba gbogbo bèbè, òórùn ọ̀dà tuntun sì ń bá wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn àjẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Mo gbé ìwọ̀ mi, mo fi kọ́ ìṣó tó ga jù lára ògiri ilé ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ mi ò ní ṣèèṣì kàn án.

Nígbà tí mo padà, Hilja ń fi eérú pa iná. Àwọn ọmọ Kauko jókòó sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹyin ẹja náà nínú àwo, wọ́n ń lá ìka.

“Bàbá,” ni ìyàwó mi wí, kò gbójú sókè, “bá mi fọ ìkòkò yẹn kó tó gbẹ.”

Mo gbé e lọ sétí omi, mo sì fọ̀ ọ́.